Ta Ni Kọ́ńsùlù, Kí Ló sì Kan Àwa Ará Lọ́kọ́ja?



Ẹ ó rántí ìdíje ìbéèrè àti ìdáhùn tí ẹgbẹ́ wa ṣe ní táàmù tó kọjá. Wọ́n bi mí pé, "Kí ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín aṣojú orílẹ̀-èdè àti kọ́ńsùlù?" Mo dìde, mo gbé àyà, mo ní, "Kò sí ìyàtọ̀ kankan, sà. Ọ̀kan náà ni wọ́n." Gbogbo gbọ̀ngàn pariwo. Máàkì márùn-ún bọ́ lọ́wọ́ ilé wa nítorí mi, olórí ilé wa ò sì bá mi sọ̀rọ̀ títí a fi jẹun alẹ́ tán. Olùkọ́ wa ní kí n lọ wá ìdáhùn náà, kí n kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn wa, kí gbogbo wa lè jọ mọ̀ ọ́n.

Mo wá a. Ohun tí mo rí ju èyí tí mo ń wá lọ. Mo rí i pé kọ́ńsùlù ti gbé nílùú Lọ́kọ́ja wa yìí rí, kí ẹnikẹ́ni tó pe ilẹ̀ yìí ní Nàìjíríà. Mo tún rí i pé ọ̀rọ̀ kọ́ńsùlù ti wọ inú ilé wa ní Kàbà, tí mi ò mọ̀ pé ohun tó ń jẹ́ nìyẹn.

Ẹ JẸ́ KÁ FI ILÉ-ÌWÉ WA ṢE ÀPẸẸRẸ

Ká ní ilé-ìwé wa jẹ́ orílẹ̀-èdè kan. Príńsípà ni olórí ìjọba. Àwa tí à ń gbé inú họ́sítẹ́lì ni àlejò, torí kò sí ẹni tí wọ́n bí sínú họ́sítẹ́lì nínú wa. Ilé bàbá mi ní Kàbà ni orílẹ̀-èdè tèmi.

Bí bàbá mi bá ní ọ̀rọ̀ ńlá láti bá Príńsípà sọ, bóyá lórí owó ilé-ìwé tàbí ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́, ó lè rán ẹnì kan wá sí ọ́fíìsì. Ẹni tó rán yẹn ni aṣojú. Ọ̀rọ̀ olórí sí olórí ni tirẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí ibà bá mú mi lóru ńkọ́? Bí àpótí mi bá sọnù ńkọ́? Bí mo bá nílò ẹni tó máa fọwọ́ sí ìwé ẹ́síàtì mi ńkọ́? Bàbá mi ò sí nítòsí. Gádíánì mi, ìyá kan tó ń gbé ní Lokongoma níbí, ló máa wá. Ó máa ń mú oògùn wá, ó máa ń fọwọ́ síwèé, ó sì máa ń pe bàbá mi lórí fóònù. Òun ni kọ́ńsùlù mi. Ọ̀rọ̀ èèyàn kọ̀ọ̀kan ni tirẹ̀.

Ẹ wá wo nǹkan kan. Gádíánì mi ò lè fipá mú mi jáde ní géètì. Bí mo bá rú òfin, kò lè ní kí wọ́n má fìyà jẹ mí. Ohun tó lè ṣe ni pé kó bèèrè ohun tí mo ṣe, kó rí i pé ìyà náà ò ju ohun tí òfin sọ lọ, kó sì jẹ́ kí wọ́n gbọ́ nílé. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni kọ́ńsùlù rí. Kò lè já ilẹ̀kùn ẹ̀wọ̀n, kò sì lè sọ adájọ́ di aláìmọ̀kan. Ó kàn ń rí i pé ọmọ orílẹ̀-èdè rẹ̀ ò dá nìkan wà ni.

Ìdáhùn tó yẹ kí n fún wọn lọ́jọ́ yẹn nìyí: aṣojú orílẹ̀-èdè ń gbé ní olú ìlú, ó ń bá ìjọba sọ̀rọ̀. Kọ́ńsùlù ń tọ́jú àwọn ọmọ orílẹ̀-èdè rẹ̀ àti òwò wọn, ó sì lè wà ní ìlú mìíràn tí èrò wọn bá pọ̀ sí. Ní Amẹ́ríkà, ilé iṣẹ́ aṣojú Nàìjíríà wà ní Washington, ṣùgbọ́n kọ́ńsùlù àgbà wà ní New York àti Atlanta. Ní Kamẹrúùnù, aṣojú wa wà ní Yaoundé, kọ́ńsùlù sì wà ní Douala àti Buea. Ní South Africa, aṣojú wà ní Pretoria, kọ́ńsùlù wà ní Johannesburg. Bí orílẹ̀-èdè méjèèjì bá jọ wà nínú ẹgbẹ́ Commonwealth, kọmíṣọ́nnà àgbà ni wọ́n ń pe aṣojú náà, bíi ti Nàìjíríà tó wà ní London.

IṢẸ́ TÍ KỌ́ŃSÙLÙ Ń ṢE

1. Ó ń ṣe ìwé ìrìnnà fún àwọn ọmọ orílẹ̀-èdè rẹ̀. Bí ti èèyàn bá sọnù, tó sì fẹ́ padà sílé kíákíá, wọ́n lè fún un ní ìwé pàjáwìrì tó máa gbé e délé.

2. Ó ń fún àwọn àlejò tó fẹ́ wá sí orílẹ̀-èdè rẹ̀ ní físà.

3. Ó ń lọ wo àwọn tó wà ní àtìmọ́lé tàbí ọgbà ẹ̀wọ̀n.

4. Bí ẹnì kan bá kú sí ìdálẹ̀, ó ń bá àwọn ẹbí rẹ̀ ṣe ètò ìwé tí wọ́n á fi gbé òkú rẹ̀ wálé.

5. Bí ogun tàbí rògbòdìyàn bá ṣẹlẹ̀, ó máa ń wà lára àwọn tó ń ṣètò bí èèyàn á ṣe padà sílé. Ní ọdún 2019, ọkọ̀ òfurufú kó àwọn ọmọ Nàìjíríà wálé láti South Africa. Ní 2023 nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ ní Sudan, wọ́n kó àwọn ọmọ wa gba Íjíbítì wálé, akẹ́kọ̀ọ́ sì pọ̀ nínú wọn.

Òfin tó de iṣẹ́ yìí ni àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe ní ìlú Vienna lọ́dún 1963. Ó ní orílẹ̀-èdè kan ò lè ṣí ilé iṣẹ́ kọ́ńsùlù sí ilẹ̀ ẹlòmíràn láìjẹ́ pé onílẹ̀ gbà. Ó tún ní bí ọlọ́pàá bá mú àlejò, wọ́n gbọ́dọ̀ sọ fún un pé ó lẹ́tọ̀ọ́ kí kọ́ńsùlù rẹ̀ gbọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, torí ọ̀pọ̀ èèyàn ni ò mọ̀ ọ́n.

ǸJẸ́ YORÙBÁ NÍ IRÚ RẸ̀ RÍ?

Mo béèrè lọ́wọ́ olùkọ́ ìtàn wa. Wọ́n ní àwọn baba wa mọ bí a ṣe ń rán èèyàn níṣẹ́ dáadáa. Ní Ọ̀yọ́ Ilé, Aláàfin ní àwọn ìlàrí tí wọ́n máa ń fá apá kan orí wọn. Ibi tí ìlàrí bá dé, ọ̀rọ̀ Aláàfin ló dé. A sì máa ń sọ pé ẹni tó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún.

Ajẹ́lẹ̀ náà wà. Ọ̀yọ́ ní ajẹ́lẹ̀, Ìbàdàn náà sì fi ajẹ́lẹ̀ sí àwọn ìlú tó wà lábẹ́ rẹ̀. Mo kọ́kọ́ rò pé ajẹ́lẹ̀ ni kọ́ńsùlù ayé àtijọ́. Olùkọ́ wa mi orí, wọ́n ní rárá. Ẹni tó borí ìlú ló ń fi ajẹ́lẹ̀ síbẹ̀ kó lè máa ṣọ́ ìlú náà, kó sì máa gba ìṣákọ́lẹ̀. Wọn kì í tọrọ àyè lọ́wọ́ onílẹ̀. Ìwà àwọn ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn wà lára ohun tó bí ogun Kírìjì tí Èkìtìparapọ̀ bá wọn jà. Kọ́ńsùlù ní tirẹ̀ gbọ́dọ̀ kan ilẹ̀kùn, kí onílé sì ní "wọlé". Ẹ di èyí mú o, torí a máa padà sí i.

KỌ́ŃSÙLÙ NÍ LỌ́KỌ́JA, 1866 SÍ 1869

Lọ́dún 1841, àwọn Gẹ̀ẹ́sì wa ọkọ̀ ojú omi mẹ́ta gba Odò Ọya wá sí ìpàdé odò wa yìí. Wọ́n bá Àtá Ígálà ṣe àdéhùn, wọ́n sì dá oko àpẹẹrẹ sílẹ̀. Ibà pa ọ̀pọ̀ nínú wọn, oko náà sì túká. Lọ́dún 1854, dókítà kan tó ń jẹ́ William Balfour Baikie, ará Scotland, tún wá. Ó fún àwọn èèyàn rẹ̀ ní oògùn kinínì, ibà ò sì pa ìkankan nínú àwọn òyìnbó tó kó wá. Ó padà wá lọ́dún 1857, ọkọ̀ rẹ̀ sì fọ́ nítòsí Jẹ́bà. Ní nǹkan bí ọdún 1860, ó tẹ̀dó sí Lọ́kọ́ja pẹ̀lú àyè tí Masaba, ọba Nupe, fún un. Ó ń tọ́jú aláìsàn, ó ń parí ìjà, ó sì ń kọ́ èdè. Ó kú ní Sierra Leone lọ́dún 1864, nígbà tó ń lọ sílé.

Lẹ́yìn ikú rẹ̀, lọ́dún 1866, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣí ilé iṣẹ́ kọ́ńsùlù sí Lọ́kọ́ja. Lyons McLeod ni kọ́ńsùlù náà. Ẹ rò ó wò. Ní gbogbo àgbègbè òkè odò yìí, ìlú wa ni wọ́n gbé e sí.

Kí ni ilé iṣẹ́ náà ṣe? Ọ̀kan nínú ohun tó ṣe kan ọmọ Yorùbá kan tí gbogbo wa mọ̀, ìyẹn Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ látìgbà èwe rẹ̀. Lọ́dún 1821, ogun wọ Òṣogùn, ìlú Àjàyí, wọ́n sì kó o lẹ́rú. Ọmọ bí ọdún 12 sí 13 ni. Ọjọ́ orí mi nìyẹn. Wọ́n tà á láti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn títí ó fi dé Èkó, wọ́n sì jù ú sínú ọkọ̀ àwọn Potogí. Lójú ọ̀nà gbogbo yẹn, kò sí ẹnì kan tó wá béèrè pé, "Ọmọ ta nìyí? Kí ló ṣe?" Àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣọ́ òkun ló gbà á sílẹ̀ lọ́dún 1822, tí wọ́n fi gbé e dé Sierra Leone.

Ọdún márùndínláàádọ́ta kọjá. Àjàyí ti di bíṣọ́ọ̀bù. Ó ti dá ìjọ àti ilé-ìwé sílẹ̀ ní Lọ́kọ́ja lọ́dún 1865, àwọn tó bá ti dé ilé-ìwé Holy Trinity ti rí àwọn òpó irin òmìnira níbẹ̀. Lọ́dún 1867, olóyè kan tó ń jẹ́ Abokko mú un lójú odò lágbègbè Ìdá, ó dá a dúró, ó sì ń béèrè owó ìràpadà. Bàbá tó ti sún mọ́ ọgọ́ta ọdún tún di ẹni tí wọ́n mú!

Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, ẹnì kan wá béèrè rẹ̀. Fell, òṣìṣẹ́ kọ́ńsùlù ní Lọ́kọ́ja, wa ọkọ̀ lọ bá Abokko láti bá a sọ̀rọ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ ò wọ̀, wọ́n sáré gba inú ọkọ̀ lọ. Crowther bọ́. Wọ́n ta Fell lọ́fà olóró, ó sì kú.

Nígbà tí mo kà á débí, mo pa ìwé náà dé, mo kàn jókòó. Mo ti ń rò pé àwọn tó ń jókòó sínú ẹ́síì ni kọ́ńsùlù, tí wọ́n kàn ń lu òǹtẹ̀ síwèé.

ṢÙGBỌ́N KÍ N SỌ ÒÓTỌ́

Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé mò ń yin àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Tèmi Crowther tí mo sọ yìí, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kà á sí èèyàn tiwọn ni wọ́n fi wá a lọ. Láwọn ọdún yẹn kan náà, ọmọ ogun Nupe ń wọ ilẹ̀ Òkun, wọ́n ń kó àwọn baba ńlá wa lẹ́rú. Masaba tó fún kọ́ńsùlù láyè ní Lọ́kọ́ja ni ọba Nupe nígbà náà. Kò sí kọ́ńsùlù tó wà fún ọmọ Ọwé, Ìyàgbà, Bùnú tàbí Ìjùmú. Ẹni tí kò ní ẹni tí yóò béèrè rẹ̀, bó ṣe máa ń rí fún un nìyẹn.

Ilé iṣẹ́ náà ò pẹ́. Owó tó ń jẹ pọ̀, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ò sì rí èrè tí wọ́n rò, wọ́n tì í lọ́dún 1869. Àwọn oníṣòwò wá gbójú lé ààbò Masaba.

Ẹ rántí ohun tí mo ní kí ẹ dì mú. Láyé ìgbà yẹn, àwọn kan máa ń wọlé bíi kọ́ńsùlù, wọ́n á sì jókòó bí ajẹ́lẹ̀. Ní Èkó, Kọ́ńsùlù Beecroft wà nídìí ogun tí wọ́n fi lé Ọba Kòsọ́kọ́ lọ lọ́dún 1851. Wọ́n fi kọ́ńsùlù síbẹ̀ lọ́dún 1853, nígbà tó sì di 1861, wọ́n gba Èkó pátápátá. Lọ́kọ́ja náà, ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1900, ibẹ̀ ni Lugard ti ta àsíá Gẹ̀ẹ́sì lé àríwá lórí. Àdéhùn 1963 ní tirẹ̀ tẹnu mọ́ ọn pé onílé gbọ́dọ̀ gbà kí àlejò tó jókòó.

KỌ́ŃSÙLÙ TÓ Ń RÌN

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe wọ ilé wa. Àbúrò ìyá mi obìnrin ń gbé ní orílẹ̀-èdè kan ní Yúróòpù. Ìyá mi ní kí n má dárúkọ ibẹ̀. Ìlú tó wà jìnnà sí olú ìlú, wákàtí mẹ́jọ ni nínú ọkọ̀ ojú irin. Ó bímọ níbẹ̀. Nígbà tó fi máa wo ìwé ìrìnnà rẹ̀, ọjọ́ ti lọ lórí rẹ̀, ọmọ náà ò sì ní tirẹ̀ rárá.

Èèyàn ò lè rán ẹlòmíràn lọ ṣe ìwé ìrìnnà. Nígbà náà, ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ gba àtẹ̀ka rẹ, kó sì ya àwòrán ojú rẹ. Àǹtí mi ń ṣiṣẹ́ alẹ́, tí wọn ò bá rí i níbi iṣẹ́, owó ọjọ́ náà ti lọ nìyẹn. Owó ọkọ̀, owó ibi tí wọ́n máa sùn, pẹ̀lú ọmọ ọwọ́. Ó ń sún un síwájú. Láàárín ìgbà yẹn, ara Mọ́mì àgbà ò yá ní Kàbà. Gbogbo ìgbà tí a bá pè wọ́n lórí fóònù, ohun kan ṣoṣo ni wọ́n ń bèèrè: "Ìgbà wo ni n ó rí ọmọ yẹn?"

Lọ́jọ́ Sunday kan, wọ́n kéde nínú ẹgbẹ́ àwọn ọmọ Nàìjíríà níbẹ̀ pé àwọn òṣìṣẹ́ máa gbé ẹ̀rọ wá sí ìlú tó wà nítòsí wọn, ọjọ́ méjì péré. Àwọn olórí ẹgbẹ́ náà ló ti kọ̀wé, tí wọ́n kó orúkọ jọ, tí wọ́n sì wá gbọ̀ngàn sílẹ̀. Àǹtí mi ní agogo márùn-ún ìdájí lòun dé ibẹ̀, òun sì bá èrò tó ti ṣíwájú òun. Wọ́n ń pín tíì. Bàbá àgbàlagbà kan fún un láyè níwájú nítorí ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀. Nígbà tó di ọ̀sán, wọ́n ti ṣe ti òun àti ti ọmọ tán.

Wọ́n dé Kàbà ní oṣù Kejìlá. Mo wà níbẹ̀. Mọ́mì àgbà gbé ọmọ náà sórí ẹsẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ki oríkì rẹ̀, ọmọ náà sì ń fa gèlè wọn. Ní oṣù Kejì ni wọ́n papò dà.

Nígbà náà, mo rò pé àǹtí mi kàn ráyè wá ni. Ìgbà tí mo ń wá ìdáhùn ìbéèrè tí mo kùnà ni ìyá mi sọ gbogbo rẹ̀ fún mi. Ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ yẹn ṣe, àwọn tó gbé ẹ̀rọ kúrò ní olú ìlú lọ bá àwọn èèyàn níbi tí wọ́n wà, iṣẹ́ kọ́ńsùlù ni. Ká ní wọ́n jókòó síbi tí wọ́n wà, ọjọ́ ìsìnkú ni àǹtí mi ì bá dé, tó bá tilẹ̀ rí i wá.

OHUN TÓ YẸ KÁ ṢE

Àjò ò dùn kónílé má relé, ṣùgbọ́n láyé òde òní, ìwé ló ń gbé èèyàn relé. Mo ní ohun mẹ́ta tí mo fẹ́ kí a sọ nílé nígbà tí a bá gba họ́lídè:

Èkíní, kí a ní kí àwọn ẹbí wa tó wà ní ìdálẹ̀ wo ọjọ́ tí ìwé ìrìnnà wọn máa parí, kí wọ́n wò ó nísinsìnyí tí kò sí wàhálà. Ọlọ́dún márùn-ún wà, ọlọ́dún mẹ́wàá náà wà.

Èkejì, kí wọ́n mọ ibi tí aṣojú tàbí kọ́ńsùlù wa wà tó sún mọ́ wọn jù, kí nọ́ńbà rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ wọn.

Ẹ̀kẹta, kí wọ́n má jìnnà sí ẹgbẹ́ àwọn ọmọ ìlú níbẹ̀. Ọwọ́ kan ò gbẹ́rù dórí. Ẹnì kan ṣoṣo ò lè ní kí kọ́ńsùlù gbé ẹ̀rọ wá bá òun, ṣùgbọ́n tí igba èèyàn bá kó orúkọ jọ, wọ́n á gbọ́.

Bí a bá tún gun Òkè Patti, tí a bá wo ibi tí Ọya àti Bẹ́núè ti pàdé, ẹ jẹ́ ká rántí Àjàyí ọmọ Òṣogùn tí kò ní ẹni tó béèrè rẹ̀ nígbà tó wà ní ọjọ́ orí wa, àti ọkọ̀ tó jáde láti ìlú yìí lọ wá a nígbà tó dàgbà.

Olórí ilé wa, ẹ jọ̀ọ́, mo ti mọ ìdáhùn náà báyìí. Ẹ̀yin olùkọ́ wa, tí ẹ bá lè dá máàkì kan péré padà nínú márùn-ún yẹn, inú mi á dùn.

Èdè Yorùbá ò ní parun.